Ẹ Jẹ́ Kí Lọ́yà Kà Á Fún Yín

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, ní Ìlá Ọ̀ràngún, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ẹni tó ń yan gàrí, ẹni tó ń fún epo pupa, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, oníPOS tó ṣí agboòrùn sẹ́bàá ọ̀nà, télọ̀, oníkẹ́míìsì, àti ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta kan ṣoṣo tó fi ń tọ́mọ. Okòwò wọn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń sanwó ilé-ìwé. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ lọ́yà á kàn wọ́n. Bí ọjọ́ náà bá dé, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá ni lọ́yà tí ẹnu rẹ̀ mú, tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì mi kóòtù jìgìjìgì. Lójú tèmi, ibi tó yẹ ká wò kọ́ là ń wò yẹn. Lọ́yà tó wúlò jù lọ fún ọlọ́jà kékeré ni èyí tó mọ ìwé àdéhùn kọ, tó sì lè jókòó ti oníbàárà rẹ̀, kó ka ohun tó kọ fún un ní Yorùbá, títí olúwarẹ̀ á fi lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Lọ́yà tí kò bá lè ṣe èyí, tàbí tí kò ní sùúrù rẹ̀, ẹ má mú un, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó.

Ó ní bí a ṣe dé ibi tí a ti ń fi lọ́yà pe ìjà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, aládùúgbò wa, ni ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Christopher Sapara Williams lorúkọ rẹ̀. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1855, London ló ti gba àmì iṣẹ́ lọ́yà ní 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888. Ṣùgbọ́n etí òkun ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ sí. Nígbà tí Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó amúnisìn, dá kóòtù àwọn ẹkùn sílẹ̀ fún ará òkè ní 1914, ó ṣòfin pé lọ́yà kankan kò gbọdọ̀ ṣojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó di 1933 kí wọ́n tó pa kóòtù wọ̀nyẹn rẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko nìyẹn. Ta ni ará ìlú tí ọ̀rọ̀ òfin wà lọ́rùn rẹ̀ wá ń lọ bá? Akọ̀wé onílẹ́tà ni, ẹni tó jókòó sítòsí kóòtù tàbí pósọ́fíìsì pẹ̀lú tábìlì, yíǹkì àti ẹ̀rọ táípù. Mi ò ní bú àwọn akọ̀wé yìí, wọ́n gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n fi àṣà kan sílẹ̀ fún wa: ìwé kíkọ di iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́yà sì di ẹni tí à ń sáré lọ bá nígbà tí ọlọ́pàá bá ti mú èèyàn tàbí tí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti délé. Lónìí, tábìlì akọ̀wé ti di ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Àṣà náà kò tíì yí padà.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ìyá kan fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún márùn-ún, kó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá síbẹ̀. Onílé ní kí wọ́n ṣe ìwé. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì ti ní ìwé àdéhùn kan tó ń lò fún gbogbo èèyàn. Ó pa orúkọ ẹni àná rẹ́, ó fi ti ìyá yìí sí i, ó yí iye owó padà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì. Ìyá tẹ̀ka, onílé buwọ́ lù ú, kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ìwé náà, ní ìlà kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sókè, ó wà níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ohunkóhun tí ayálégbé bá kàn mọ́ ilé tàbí tó bá rì mọ́lẹ̀ yóò di ti onílé lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Ẹ sì mọ bí ẹ̀rọ gbágùúdá ṣe ń dúró. Wọ́n á da kọnkéré, wọ́n á ri bóòtù mẹ́rin sínú rẹ̀ kó tó gbẹ, wọ́n á gbé irin ìdí ẹ̀rọ lé bóòtù náà, wọ́n á fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin, torí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, ohun tí kò bá dì mọ́lẹ̀ á máa rìn kiri. Bóòtù mẹ́rin yẹn ló sọ ẹ̀rọ di ara ilé lójú ìwé tí ìyá náà tẹ̀ka sí. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òfin tó wà nílẹ̀ sàn ju ìwé náà lọ. Òfin gbà kí ayálégbé tó ń ṣòwò tú ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ kó tó jáde, bí kò bá ti ba ilé jẹ́, àfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ìyá yìí fi owó ara rẹ̀ ra ìwé tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré, pé ẹ̀rọ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ayálégbé, ìbá ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbóhùn sókè kó tó ṣe é.

Àwọn tó ń ṣòfin ti rí ewu yìí láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹni tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí rẹ̀, kó lè jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó ni ìwé ló rán an níṣẹ́, pé ó kà á fún un, ó sì túmọ̀ rẹ̀ títí ó fi yé e kó tó tẹ̀ka. Ilé ẹjọ́ sì ti sọ ọ́ pé akọ̀wé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìwé náà mú ẹni tí kò mọ̀wé náà. Ẹ kíyè sí i pé òfin kò ní kí a má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé. Kíkà àti ìtumọ̀ ló ń béèrè. Orí ohun tó béèrè yìí ni mo gbé ìdánwò tí ẹ máa fún lọ́yà lé, kò sì yọ ẹni tó jáde yunifásítì sílẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà lè ṣú ojú olùkọ́ pàápàá. Ẹ mú ìlà tó le jù nínú ìwé, kí ẹ bi lọ́yà pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á sọ pé, “Màmá, ohun tí ibí yìí ń sọ ni pé bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ máa tún un kọ́. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?” Ẹni tó bá ń dáhùn pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, pé kí ẹ ṣáà buwọ́ lù ú, ó ṣeé ṣe kí òun alára má mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Kí ìdánwò yẹn tó wáyé, ó yẹ kó dá yín lójú pé lọ́yà lẹ jókòó síwájú rẹ̀. Òfin àwọn lọ́yà ti 1975 sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé orúkọ tó wà ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ náà. Ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láti gbowó kọ ìwé ilẹ̀. Ajẹ́ǹtì tó ń bá yín wá ilẹ̀, tó sì tún ń gbowó kọ ìwé rẹ̀, ń rú òfin. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí le ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ da àwọn ìwé kan nù nítorí pé orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́yà ni wọ́n fi buwọ́ lù wọ́n, kò sí orúkọ lọ́yà kan pàtó tó kọ wọ́n. Ilé-iṣẹ́ SAN ni o, ti lọ́yà tó ti gba oyè tó ga jù nínú iṣẹ́ náà. Bí ìwé bá lè bàjẹ́ lọ́wọ́ irú wọn, orúkọ ńlá nìkan kò tó fi yan lọ́yà. Láti 2015, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, ń ṣe òǹtẹ̀ kékeré alálẹ̀mọ́ fún lọ́yà kọ̀ọ̀kan tó bá san owó ọdọọdún rẹ̀. Orúkọ lọ́yà wà lára rẹ̀, nọ́ńbà tó fi wà nínú ìwé Ilé Ẹjọ́ wà níbẹ̀, ọdún tí òǹtẹ̀ náà máa parí náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2015 kan náà, nínú ẹjọ́ Yaki àti Bagudu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ yìí kò tíì di òfo, pé àbùkù ló ní, ó sì ṣeé tún ṣe. Bí ẹ bá gba ìwé lọ́wọ́ lọ́yà, ẹ gbé e súnmọ́ ojú, ẹ wo òǹtẹ̀ náà àti ọdún ara rẹ̀. Lọ́yà gidi kò ní bínú.

Mo mọ̀ pé owó ló kàn. Ẹ̀yin tó ń sọ pé lọ́yà wọ́n, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu yín, ibì kan sì wà tí ẹ kò nílò lọ́yà rárá. Ní 2024, nígbà tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, fún àwọn oníPOS ní gbèdéke ọjọ́ 7 oṣù Keje, tó tún sún un sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ló ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe é kiri. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ fóònù tẹ̀ lè forúkọ okòwò rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́yà tó bá sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe láìsí òun kò sọ òótọ́ fún yín, ẹ sì ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ sanwó fún ni bóyá orúkọ okòwò tó yín, tàbí kí ẹ dá kọ́ńpínì sílẹ̀. Lábẹ́ orúkọ okòwò, gbèsè ọjà ni gbèsè ẹni tó ni ín, olówó lè lé e dé orí ilé àti ilẹ̀ yín. Kọ́ńpínì dá dúró lọ́tọ̀ sí ẹni tó dá a sílẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 sì ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀. Ìmọ̀ràn lórí èyí kò gbà ju ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí lọ́yà kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tó wà fún. Láti 2023 ni ìlànà tuntun ti wà lórí iye tí lọ́yà ń gbà, òfin 1975 sì sọ pé kò lè pe oníbàárà lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́ àfi bó bá ti fún un ní ìwé tó to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, tí oṣù kan sì ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Bí owó náà bá ṣì wúwo fún ẹnì kan, ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè dá a bí wọ́n ṣe ń dá àjọ: kí lọ́yà kan kọ ìwé ìgbaṣọ́ọ̀bù kan tó dára fún gbogbo wọn, kó sì wá kà á fún wọn nípàdé. Ó ń yà mí lẹ́nu pé ẹgbẹ́ tó lè ra ankara kan náà fún igba èèyàn kì í ronú kan èyí.

Àwọn mìíràn á sọ pé ọmọ Ọ̀ràngún kan náà ni wá, ìwé kí la fẹ́ ṣe láàárín ara wa? Mo mọ iyì ọ̀rọ̀ yìí. Òfin pàápàá mọ̀ ọ́n: lábẹ́ àṣà wa, ẹni tó sanwó ilẹ̀, tí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, ilé ẹjọ́ gbà pé ó ti ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ń darúgbó, ẹlẹ́rìí ń kú, ọmọ tó wà l’Ékòó nígbà tí wọ́n ń ka owó kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Níbi àjọdòwò ló ti burú jù. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn méjì da owó pọ̀ láti máa ra epo. Ọ̀kan mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà wá, èkejì mú ìyókù. Wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, torí pé ìfẹ́ wà. Èrè dé, ẹni tó mú púpọ̀ wá rò pé òun ló ni púpọ̀. Òfin àjọdòwò tí a jogún láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí àdéhùn kò bá ti sí, dọ́gbadọ́gba ni wọ́n á pín èrè, dọ́gbadọ́gba ni wọ́n á pín àdánù, gbèsè tí ọ̀kan bá sì jẹ lórúkọ okòwò kan èkejì. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ìwé tó yé àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín síra wọn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n dé kóòtù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ìjọ tó jẹ́ lọ́yà, tó máa bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí. Òfin 1975 yẹn sọ pé lọ́yà tó gbowó kò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi àìbìkítà rẹ̀. Bó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun kò ní dáhùn fún un, òfo ni gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n lọ́yà tí kò gba kọ́bọ̀, òfin gbà á láyè láti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ san nǹkan fún un, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó sanwó lẹ́nu láti béèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore ń tijú.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ìlú wa, tí àwọn èèyàn kì í sì fura sí, ni owó ágíríméǹtì. Onílé á ní, “Lọ́yà mi ló máa ṣe ìwé, ẹ̀yin ẹ kàn wá san owó rẹ̀.” Ayálégbé á sanwó, á sì rò pé òun náà ti ní lọ́yà. Kò ní. Onílé ló rán lọ́yà náà níṣẹ́, ire onílé ló ń wá, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ìlànà iṣẹ́ wọn kò fẹ́ kí lọ́yà kan máa ṣojú ẹni méjì tí ire wọn ta kora. Kò sí òfin tó ní kí ẹ má gba ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tiyín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí onílé bá ní àfi kí ẹ buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, ẹ mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, bí ẹjọ́ bá wá dé ńkọ́, ṣé lọ́yà oníwèé yìí á lè jà? Àti pé ṣé kò sàn ká ti Òṣogbo tàbí Èkó mú lọ́yà ńlá? Ìbéèrè gidi ni. Bí ẹjọ́ bá le, lọ́yà tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ á fà yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àmọ́ ìwé ni ẹni náà máa gbé dé iwájú adájọ́. Ní Èkó, láti 2018, wọ́n ti ya kóòtù kan sọ́tọ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ètò rẹ̀ sì ni pé kí ìdájọ́ jáde láàárín 60 ọjọ́. Níbi tí wọ́n ti ń yára tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ já gaara ló ń jàǹfààní. Ní ti ìlú ńlá, ọ̀nà jíjìn kò sọ lọ́yà di ọ̀mọ̀ràn, ìmọ̀ òfin kò sì ṣàjèjì níbí: Kábíyèsí Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá, Ọba Adédòkun Abọ́lárìn, lọ́yà ni wọ́n. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni irú iṣẹ́ tí lọ́yà náà ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ilẹ̀ yá owó ní báǹkì, ẹ wá ẹni tó ń ṣe ìwé ilẹ̀ ní Òṣogbo, torí pé láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978 ni irú ìdógò bẹ́ẹ̀ ti nílò àṣẹ gómìnà, ní 1989 sì ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ìdógò tí kò gba àṣẹ náà, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ìpànìyàn láràárọ̀ lè má rántí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ ògbóǹtarìgì.

Mo bẹ̀ yín, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wọ yàrá, ẹ fa àpótí jáde, ẹ mú ìwé ṣọ́ọ̀bù tàbí ìwé ilẹ̀ tí ẹ fi ń ṣòwò síta. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Ṣé orúkọ èèyàn wà níbẹ̀, ṣé àdírẹ́sì wà, ṣé òǹtẹ̀ wà? Bí kò bá sí, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kan, kí ẹ ní kó kà á fún yín ní Yorùbá, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn.